Orin ló da ọ̀tẹ̀ Julianne rú

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin tèmi, èmi nìkan ni mo wà nídìí máìkì lónìí, kò sí àlejò. Fíìmù My Best Friend's Wedding ni mo fẹ́ sọ, ti 1997 yẹn, tí Julia Roberts ń sá kiri ìgboro Chicago torí ó fẹ́ da ìgbéyàwó Michael ọ̀rẹ́ ẹ̀ rú, ìgbà tí bọ̀ọ̀dá yẹn ní òun fẹ́ fẹ́ ẹlòmíì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí i pé òun nífẹ̀ẹ́ ẹ̀. Wọ́n ní orin ní í ṣíwájú ọ̀tẹ̀, àbí? Níbí o, ọ̀tẹ̀ ló kọ́kọ́ dé, orin ló wá ń bà á jẹ́.

Ẹ wo síìnì karaoke yẹn. Julianne, ìyẹn Julia Roberts, mọ̀ pé Kimmy ìyàwó tuntun ò mọ orin kọ, ló bá rí i dájú pé wọ́n gbé máìkì fún un, kójú lè tì í. Cameron Diaz bẹ̀rẹ̀ "I Just Don't Know What to Do with Myself", háà, ohùn ẹ̀ burú, kò bọ́ sí kíì kankan, ṣùgbọ́n kò dákẹ́, ó ń kọ ọ́ lọ títí gbogbo ilé fi ń pariwo fún un, ọkọ ẹ̀ wá tún fẹ́ràn ẹ̀ sí i. Èmi tí wọ́n ti rọra ní kí n kúrò ní kúáyà rí, inú mi dùn gan-an. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tí orin yẹn ń sọ: ẹni tí olólùfẹ́ ẹ̀ ti lọ, tí kò mọ ohun tó máa fi ara ẹ̀ ṣe. Ta nìyẹn? Julianne ni! Ó jókòó síbẹ̀, wọ́n ń fi ẹnu ìyàwó kọ ẹjọ́ ẹ̀ fún un létí. Tó bá jẹ́ agbo ilé wa ni, orin òwe la máa pè é.

George náà ṣe tiẹ̀, ọ̀rẹ́ Julianne mìíràn, ìyẹn Rupert Everett. Julianne parọ́ pé George ni àfẹ́sọ́nà òun, ni George bá bú sí "I Say a Little Prayer" lórí tábìlì oúnjẹ níwájú mọ̀lẹ́bí, orin obìnrin tó jẹ́ pé bó ṣe ń jí, kó tó kun àtíkè pàápàá, àdúrà ló ń gbà fún ọkùnrin ẹ̀. Burt Bacharach àti Hal David ló kọ ọ́, Dionne Warwick gbé e jáde ní 1967, Aretha Franklin tẹ̀ lé e ní 1968, torí ẹ̀ ni gbogbo tábìlì fi lè gbè é, àgbà àtọmọdé, àfi bíi ti òde àríyá tí báńdì bá ki orin Sunny Adé àtijọ́ bọnu. Ká ní orin tuntun ni George kọ, òun nìkan ni ì bá máa dá kọ ọ́. P.J. Hogan tó ṣe fíìmù náà mọ iṣẹ́ yìí, orin ABBA ló fi ṣe Muriel's Wedding ní 1994.

Nínú àwo orin fíìmù yẹn, Diana King ará Jàmáíkà sọ orin George di régè. Mo máa ń gbọ́ ọ nínú mọ́tò, ó dùn, ṣùgbọ́n yẹ̀yẹ́ tí George ń fi Julianne ṣe ò sí níbẹ̀ mọ́, ijó nìkan ló kù.

Èyí tó dùn mí jù ni ti orí ọkọ̀ ojú omi, kì í ṣe ti Bacharach rárá. Michael ní téèyàn bá nífẹ̀ẹ́ ẹnì kan, kó sọ ọ́ síta kíá. Julianne fẹ́ sọ ọ́, ọkọ̀ gba abẹ́ afárá, òjìji bò wọ́n, kò sọ nǹkan kan. Ni Michael bá rọra kọ "The Way You Look Tonight" sí i létí, orin àwọn méjèèjì, tí Jerome Kern àti Dorothy Fields kọ fún fíìmù ní 1936.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Julianne yá tọkọtìyàwó ní orin yẹn, ó ní kí wọ́n máa lò ó títí wọ́n á fi rí tiwọn. Ẹ ò rí i! Èmi ò lè yá ẹnikẹ́ni o, kí wọ́n lọ wá tiwọn jàre.