Wáàsí Jímọ̀: Ẹni Tí Ẹ Pè Ní Aáyán

Àsàláámù aleikum. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba, kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè dé ibi tí mò ń lọ, nítorí inú mi ò dùn lọ́sẹ̀ yìí.

Lálẹ́ Àtàláátà, ẹnìkan fi ohùn kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí orí WhatsApp mọ́sálásí wa. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ mú ẹ̀yà kan ní Nàìjíríà yìí, ó ní aáyán ni wọ́n, ó ní bí èèyàn bá rí aáyán nínú ilé, bàtà làá bọ́ sí i. Mi ò mọ ẹni tó sọ ọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé èèyàn mọ́kànlá fi àwòrán ẹ̀rín dá a lóhùn, àwọn mẹ́ta sì kọ "Àmín" sábẹ́ rẹ̀. Àmín! Níbi tí a ti ń fi àkókò ìrun ránṣẹ́ síra wa, níbi tí a ti ń tọrọ àforíjìn fún àwọn òkú wa.

Nígbà tó máa fi di ìdájí Àlàrùba, ẹnìkan ti jáde kúrò lórí WhatsApp wa. Ọmọ ẹ̀yà yẹn ni. Mùsùlùmí ni. Ó ti ń kírun pẹ̀lú wa bí ọdún mẹ́sàn-án, sààfù kejì lọ́wọ́ ọ̀tún ló máa ń wà, ó sì gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ tí ẹ bí sí Èkó lọ. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Kò kọ nǹkan kan. Ó kàn jáde ni. Èmi ni mo rí i, kò sí ẹlòmíì tó béèrè pé kí ló dé.

Ọ̀rọ̀ aáyán yẹn ò jẹ́ kí n sùn, torí mo ti rí ibi tó ń já sí.

Lọ́dún tó kọjá, ìrìn-àjò kan gbé mi dé Kigali, olú ìlú Rùwáńdà. Mo ní ọjọ́ kan tí n kò ní nǹkan ṣe, mo ní kí wọ́n gbé mi lọ sí Gisozi, níbi tí ilé ìrántí àwọn tí wọ́n pa nínú ìpẹ̀yàrun ọdún 1994 wà. Ọdún 2004 ni wọ́n ṣí i, nígbà tó pé ọdún mẹ́wàá tí ìṣẹ̀lẹ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ òkè ló wà, òdòdó yí i ká, ó mọ́ tónítóní. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ọgbà ìgbafẹ́ lòun wọ̀. Àfi ìgbà tí ọmọ tó ń mú wa kiri nawọ́ sí àwọn kọnkéré gbàràmù gbàràmù kan tó tẹ́ sílẹ̀, ó ní àwọn tó wà lábẹ́ wọn lé ní 250,000. Mo ní kí ló wí? Ó tún un wí. Èmi tí mo máa ń jókòó wáàsí fún wákàtí méjì láìmu omi, n kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ ro iye èrò tó máa ń wà ní Yídì ìlú yín lọ́jọ́ Iléyá. Ẹ ro ó kí gbogbo wọn wà lábẹ́ ilẹ̀ ní ibì kan ṣoṣo.

Bí ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ni wọ́n fi pa àwọn èèyàn wọ̀nyẹn, láti ọjọ́ 7 oṣù kẹrin títí wọ oṣù keje. Iye àwọn tó kú ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà lé ní 800,000. Ìjọba wọn ní ó lé ní mílíọ̀nù kan. Àwọn ọmọ ẹ̀yà Tutsi ló pọ̀ jù nínú wọn, àti àwọn ọmọ ẹ̀yà Hutu tó kọ̀ láti bá àwọn Hutu apànìyàn lọ́wọ́ sí i. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe ìbọn tàbí bọ́ǹbù. Àdá ni, àdá tí a fi ń ṣán oko, àti kùmọ̀ tí wọ́n kan ìṣó mọ́ lórí. Aládùúgbò ló mú un dání.

Ṣùgbọ́n nínú ilé yẹn, wọn kì í kọ́kọ́ fi àdá hàn yín. Káàdì ni. Hutu àti Tutsi, èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, orí òkè kan náà ni wọ́n ń gbé, wọ́n ń fẹ́ra wọn. Ní nǹkan bí ọdún 1930 sí 1935, àwọn òyìnbó Bẹ́ljíọ̀mù tó ń ṣàkóso wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fún olúkúlùkù ní káàdì tí wọ́n kọ ẹ̀yà rẹ̀ sí. Ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, káàdì yẹn ni wọ́n ń béèrè lójú ọ̀nà kí wọ́n tó mọ ẹni tí wọ́n máa pa.

Lẹ́yìn káàdì, rédíò. RTLM lorúkọ rẹ̀, oṣù keje ọdún 1993 ló bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe rédíò tó ń bú ramúramù bí kìnnìún o. Orin tó dùn ni wọ́n ń gbé sí i, wọ́n ń dápàárá, àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn rẹ̀ bí nǹkan míì. Àárín àpárá yẹn ni wọ́n ti ń pe àwọn Tutsi ní inyenzi. Nígbà tí ìpànìyàn bẹ̀rẹ̀, rédíò kan náà ló ń dárúkọ èèyàn, tó ń sọ ibi tí wọ́n sá sí.

Ẹ mọ ìtumọ̀ inyenzi ní èdè wọn? Aáyán.

Ìgbà tí mo kà á níbẹ̀, mo mi orí, mo káàánú wọn, mo sì kọjá sí yàrá tó kàn. N kò mọ̀ pé màá tún gbọ́ ọ ní Yorùbá, lórí fóònù mi, láti ọwọ́ ẹni tí a jọ ń foríkanlẹ̀.

Ẹ má sọ fún mi pé àwọn kèfèrí ló ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìwé ìròyìn kan wà ní Rùwáńdà nígbà náà tó ń jẹ́ Kangura. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1990, ó tẹ òfin mẹ́wàá jáde fún àwọn Hutu: ẹ má fẹ́ obìnrin Tutsi, ẹ má bá wọn dòwò pọ̀, ẹ má ṣàánú wọn mọ́. Ẹ mọ orúkọ olóòtú rẹ̀? Hassan. Hassan Ngeze. Orúkọ ọmọ-ọmọ Ànábì ló ń jẹ́. Ilé ẹjọ́ àgbáyé tó jókòó ní Arusha ní Tanzania dá a lẹ́bi ní 2003 pẹ̀lú àwọn méjì tó wà nídìí RTLM, ohun tó tẹ̀ jáde sì wà lára ohun tí wọ́n fi dá a lẹ́bi. Ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n kọ́kọ́ jù ú sí. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ ọ́ di ọdún 35 ní 2007. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní orílẹ̀-èdè kan náà, lásìkò ìpẹ̀yàrun náà, àwọn Mùsùlùmí tó wà ní Nyamirambo ní Kigali àti ní àwọn ìlú míì fi Tutsi pamọ́ sínú ilé wọn, wọn ò béèrè ẹ̀sìn tàbí káàdì lọ́wọ́ wọn. Inú irú ẹ̀sìn kan náà ni Hassan ti jáde. Ẹ̀sìn ò sọ ahọ́n rẹ̀ di mímọ́ fún un.

Ó ku yàrá kan tí n kò fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́. Yàrá àwọn ọmọdé ni. Àwòrán ọmọ ni wọ́n gbé kọ́, àwòrán tí àwọn ẹbí tó kù mú wá. Abẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ orúkọ ọmọ náà sí, ọjọ́ orí rẹ̀, oúnjẹ tó fẹ́ràn, àti bó ṣe kú. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kan wà níbẹ̀: bọ́ọ̀lù ló fẹ́ràn, ó fẹ́ràn kó máa pa èèyàn lẹ́rìn-ín, dókítà ló fẹ́ dà. Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn ni pé UNAMIR máa wá gbà wọ́n. UNAMIR ni àwọn ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó wà nílùú. Ọmọ yẹn ò mọ̀ pé ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn ní títì, ńṣe ni Ìgbìmọ̀ Ààbò àgbáyé dìbò pé kí wọ́n dín àwọn ọmọ ogun náà kù sí 270.

Ọmọ ọdún méjì kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìrẹsì àti ọ̀dùnkún díndín ló fẹ́ràn. Ọmọláńgidi ni ohun ìṣeré rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ jù lọ. Wọ́n gbá a mọ́ ògiri títí ó fi kú. Ọmọ ọdún méjì. Bí a ṣe ń pa aáyán gan-an nìyẹn.

Mo jáde síta, mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan. Ọmọbìnrin mi àbíkẹ́yìn náà fẹ́ràn ìrẹsì.

Ẹ jẹ́ kí n gbé yín lọ sí Rabadha báyìí. Aṣálẹ̀ ni, ó jìnnà sí Mẹ̀dínà. Ibẹ̀ ni Abu Dharr, sàhábà Ànábì, lọ ń gbé nígbà tí ọjọ́ ogbó dé. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Al-Ma'rur bá a níbẹ̀, ó rí i tó wọ aṣọ kan, ó wo ẹrú rẹ̀, ó rí i pé irú aṣọ náà gẹ́lẹ́ ló wọ̀. Ọ̀gá àti ẹrú, láàárín aṣálẹ̀, nínú aṣọ kan náà bí àwọn tó dá aṣọ ẹbí. Ó ya ọkùnrin náà lẹ́nu. Ó bi í pé kí ló fà á.

Bàbá náà lè sọ pé ó wù òun bẹ́ẹ̀ ni. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ ló fi dáhùn. Ó ní ọ̀rọ̀ kan wà láàárín òun àti ẹnìkan rí. Ìyá ẹni náà kì í ṣe Lárúbáwá, òun sì fi ìyá rẹ̀ bú u. Wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ Ànábì. Ànábì bi í pé: "Ṣé o fi ìyá rẹ̀ bú u?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ànábì ní: "Ènìyàn tí ìwà ìgbà àìmọ̀kan ṣì wà lára rẹ̀ ni ọ́." Abu Dharr ní: "Pẹ̀lú bí mo ṣe dàgbà tó yìí?" Ànábì ní: "Bẹ́ẹ̀ ni." Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé ọmọ ìyá yín ni wọ́n, Ọlọ́hun ló fi wọ́n sábẹ́ ọwọ́ yín, ẹni tí ọmọ ìyá rẹ̀ bá wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kó fún un jẹ nínú ohun tí òun náà ń jẹ, kó fún un wọ̀ nínú ohun tí òun náà ń wọ̀, kó má sì gbé ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ rù ú. Bukhari àti Muslim ló gbà á wá.

Àwọn onímọ̀ kan ní Bilal ni ẹni tí Abu Dharr bú, ọmọ obìnrin Habasha, ìyẹn Etiópíà. Ẹ sì wá wo ẹni tí Ànábì ń bá wí. Abu Dharr wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba ẹ̀sìn. Wọ́n lù ú ní Mẹ́kà bí ẹni máa kú, torí pé ó kéde ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ànábì ò ní "àgbà ni, ẹ fi í sílẹ̀." Kò ní "inú ló ń bí i." Kí ni Abu Dharr tilẹ̀ sọ? Ìyá èèyàn kan kì í ṣe ọmọ èdè wọn, ó fi bú u. Bí a bá ní ká sọ ọ́ ní Yorùbá, kòbókòbó ló pè é. Ọ̀rọ̀ tí à ń sọ lójoojúmọ́ ní ọjà, ní gáréèjì, tí a fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Òun ni Ànábì pè ní ìwà àìmọ̀kan. Èyí tí ẹ wá fi ránṣẹ́ lálẹ́ Àtàláátà ńkọ́, kí ni Ànábì ìbá pè é?

Mo ti mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní àwọn náà ń bú wa. Wọ́n ń bú wa lóòótọ́, mo gbọ́. Kí ẹ wá bá wọn wọ inú iná? Ẹ máa ní àwàdà ni. RTLM náà, àwàdà ni wọ́n ń ṣe. Ẹ máa ní irú ẹ̀ ò lè ṣẹlẹ̀ láàárín tiwa. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà ní Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ láàárín 1997 sí 2000. Mi ò sọ pé ọ̀kan náà ni pẹ̀lú ti Rùwáńdà, kì í ṣe ọ̀kan náà. Ṣùgbọ́n Yorùbá sí Yorùbá ni, Mùsùlùmí wà lápá méjèèjì, wọ́n sì sun ilé ara wọn.

Ọlọ́hun ní nínú Súrà Al-Hujurat pé kí àwọn kan má ṣe fi àwọn kan ṣe yẹ̀yẹ́, ó ṣeé ṣe kí àwọn tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lóore jù wọ́n lọ. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n kà. Àwọn mẹ́ta tó kọ Àmín, mo mọ̀ wọ́n, ọ̀kan nínú wọn máa ń ka Súrà yẹn sí wa létí lọ́jọ́ Àlàmísì pẹ̀lú ohùn tó dùn bí oyin. Ọ̀gbẹ́ni, ìwọ tí o kọ Àmín, ta ni o ń bẹ̀ pé kó gbà á? Ọlọ́hun tó dá wọn?

Ẹ̀ṣẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí ẹ máa tọrọ lórí ẹní ìrun kó sì tán. Ẹ̀tọ́ ènìyàn ni. Ànábì ní ẹni tó bá ṣe àbòsí sí ọmọ ìyá rẹ̀, kó lọ tọrọ ìyọ́nú rẹ̀ lónìí, kí ọjọ́ tí kò ní sí dínárì tàbí dírámù tó dé. Lọ́jọ́ yẹn, iṣẹ́ rere rẹ ni wọ́n máa mú fún un, bí kò bá sì sí, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa kó lé ọ lórí.

Mo ti pa ohùn náà rẹ́ lórí WhatsApp wa. Ẹni tó bá ní in lórí fóònù rẹ̀, kó pa á rẹ́ kó tó ṣe àlùwàlá ìrun Jímọ̀ lónìí. Mo bá ẹni tó fi ránṣẹ́ sọ̀rọ̀ lálẹ́ àná. Ó kọ́kọ́ ń jà, lẹ́yìn náà ó dákẹ́, lẹ́yìn náà ó ní "Ààfáà, ojú máa ń tì mí láti lọ bá a." Mo ní èmi náà á bá ọ lọ. Bí a bá kírun tán, a ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin yẹn. Àwọn mọ́kànlá tó rẹ́rìn-ín àti àwọn mẹ́ta tó kọ Àmín, ẹ dúró dè wá lẹ́nu géètì. Ẹsẹ̀ la máa fi rìn, kò jìnnà.