Ọba Tó Já Àlọ́, Ẹrú Tó Mọ Ìdáhùn

Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ìlú Áténì ní ilẹ̀ Gíríìkì, nǹkan bí 2,400 ọdún sẹ́yìn. Yàtọ̀ sí agbo akọrin, òṣèré 3 péré ló ń sọ̀rọ̀ nínú eré. Ìbòjú ni wọ́n ń lò, nítorí náà ẹnì kan lè ṣe ipa ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ má gbàgbé 3 yẹn.

Eré tí Sophocles, òǹkọ̀wé eré ará Áténì, kọ lórí Oedipus, ọba ìlú Thebes, la fẹ́ tú wò. Ìmọ̀ ló gbé e gorí oyè. Ẹ̀dá abàmì kan ń pa ẹnikẹ́ni tí kò bá lè já àlọ́ rẹ̀. Oedipus já a, wọ́n fi í jọba, ó sì fẹ́ Jocasta, opó ọba tó wàjà. Láti ọjọ́ náà ló ti gbà pé kò sí ọ̀rọ̀ tí òun ò lè tú.

Àjàkálẹ̀ àrùn wá dé. Apollo, òrìṣà wọn, ní kí wọ́n wá ẹni tó pa Laius, ọba àtijọ́ tó jẹ́ ọkọ Jocasta. Àwọn òǹwòran ti mọ̀ látilé pé Oedipus fúnra rẹ̀ ni, pé Laius ni bàbá rẹ̀, Jocasta sì ni ìyá rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣọ́ ni ìgbà tí ìmọ̀ náà yóò kàn án lára.

Ta ló mọ̀ ná? Tiresias, aríran tó fọ́jú, sọ ọ́ fún un lójúkojú. Ọba ní aríran náà àti Creon, arákùnrin Jocasta, ló ń dìtẹ̀ oyè. Ẹni kejì jẹ́ ẹrú, darandaran arúgbó. Òun ló gbé Oedipus fún ẹlòmíràn lọ́mọ ọwọ́, òun náà ló sá àsálà lọ́jọ́ tí wọ́n pa Laius.

Ibi tó dùn jù rèé. Ìránṣẹ́ láti Kọ́ríńtì fẹ́ fi ọkàn ọba balẹ̀, ó ní Polybus, ọba Kọ́ríńtì tí Oedipus ń pè ní bàbá, kọ́ ló bí i, pé wọ́n gún kókósẹ̀ rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ. Jocasta dúró síbẹ̀, kò fọhùn. Ó ti mọ̀ pé ọmọ òun ni ọkọ òun. Adarí eré tó bá fi í pamọ́ sẹ́yìn ìránṣẹ́ ti ba ìran yìí jẹ́. Ojú òǹwòran gbọ́dọ̀ tó o, kó má sì mira títí wọn yóò fi dárúkọ kókósẹ̀. Ó bẹ ọba pé kó má wádìí mọ́. Ọba rò pé ìtìjú ló ń ṣe é, bóyá ọmọ ẹrú lòun.

Jocasta wọlé lọ. Nígbà tí darandaran bá jáde, ọba àti ìránṣẹ́ ṣì wà lórí ìtàgé, nítorí náà òṣèré tó ṣe Jocasta ló ní láti pààrọ̀ ìbòjú. Darandaran kọ̀, kò fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọba ní kí wọ́n yí apá rẹ̀ sẹ́yìn. Agbára ló fi fipá gba ohun tí yóò gba agbára náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe eré yìí, ẹ mú pẹ́ńsù. Létí ojú ìwé, níwájú ìran kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ̀ àti ẹni tó ń fi í pamọ́ fún. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí Oedipus ti fajú ro láti ìran àkọ́kọ́. Rárá o! Kó máa yan ni.

Ní ti ẹ̀dà tí Ola Rotimi gbé jáde ní Ifẹ̀ lọ́dún 1968, The Gods Are Not to Blame, àlọ́ kọ́ ló fi Odewale, ẹni tó dúró fún Oedipus, jọba ní ìlú Kutuje. Ogun tó bá wọn ṣẹ́ lórí àwọn ará Ikolu ni. Ìjà oko ló sì fi pa Adetusa, bàbá rẹ̀ tó jẹ́ ọba àtijọ́. Ẹni tó bá ṣe Odewale bí ọlọ́gbọ́n tó ń já àlọ́ ti ṣi ipa mú: inú fùfù ni kó fi ṣe é.