Ogún Onípáálí

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi láti ibi gbogbo. Èmi nìkan ni mo wà nídìí ẹ̀rọ lónìí, n kò ní àlejò. Ọ̀rọ̀ Whot ni mo gbé wá, eré káàdì tí a máa ń ta nílé.

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló dá a sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń bọ̀ nílé wa ní Sátidé, ó wá ní kí n kọ òfin Whot sílẹ̀ kí ọ̀rẹ́ òun lè kà á kó tó dé. Uno, eré káàdì tó jọ ọ́, ni àwọn ọmọ ibí mọ̀. Ó máa ń dùn mí, torí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí gan-an ni William Henry Storey ti ṣe Whot, ní nǹkan bí ọdún 1935. Ọdún 1971 ni Uno ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó bí Whot ti gbàgbé rẹ̀, àwa ará Nàìjíríà la gbé e pọ̀n.

Mo mú bírò. Káàdì 54. Róbótó, onígun mẹ́ta, àgbélébùú, onígun mẹ́rin, ìràwọ̀, àti 20 márùn-ún, ìyẹn Whot fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà ìyókù bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 14, ṣùgbọ́n kò sí 6, kò sí 9. Ẹ pín fún kálukú, ẹ ṣí ọ̀kan sílẹ̀, ẹ da ìyókù dé: ọjà nìyẹn. Ẹni tó kàn á ju káàdì tó bá àwòrán tàbí nọ́ńbà tó wà nílẹ̀ mu. Bí kò bá ní, ó dọjà, á mú káàdì kan níbẹ̀. Kò sí ohun tí 20 kò bá mu, ẹni tó bá jù ú ló máa sọ àwòrán tó fẹ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ ṣófo ló jẹ ẹ́.

Ìyẹn ò gbà mí ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Orí 2, tó ń múni mú méjì lọ́jà, ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Nílé wa, bí wọ́n bá fi 2 lù ẹ́, tí ìwọ náà ní 2, wàá fi gbà á, ẹni tó tẹ̀ lé ẹ á wá mú mẹ́rin. Ọkọ mi ń fọ abọ́ lọ́wọ́, ó ní irọ́ ni. Nílé tiwọn, tí wọ́n bá ti lù ẹ́, wàá mú méjì, wàá sì dákẹ́. N kò bá a jiyàn. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Kánádà. Ilé kan náà la dàgbà sí, orí ẹní kan náà la ti ń ta á, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ wa ò dọ́gba! Pé 5 ń múni mú mẹ́ta, a gbà. Pé 14 ń lé gbogbo ayé lọ sọ́jà, a gbà. Pé ìràwọ̀ ń di ìlọ́po méjì nígbà tí ọjà bá tán tí a ń ka ti ọwọ́ kálukú, ìràwọ̀ 7 á di 14, a gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbàgbé láti pariwo "last card" nígbà tó ku káàdì kan lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́? Mo ní méjì ló máa mú, wọ́n ní ọ̀kan. Ṣé a lè fi 14 parí eré? Mo ní kò burú. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Nílé ta nìyẹn?"

Èmi ò rí ìjà kan rí nídìí Whot tó kọjá èyí: òfin tí ẹnikẹ́ni ò sọ kí wọ́n tó pín káàdì.

Mo wá dórí onípáálí. Ọ̀kan nínú 20 wa ti sọnù nígbà tí mo wà ní kékeré. Bàbá wa gé páálí bísíkíìtì, wọ́n fi bírò kọ 20 sí i. Ó nípọn ju ìyókù lọ, etí rẹ̀ ti họ, ẹ̀yìn rẹ̀ ò sì jọ ti èyíkéyìí. Mo kà á fún ẹ̀gbọ́n mi bí mo ṣe kọ ọ́: "Ẹni tó bá mú onípáálí, kó fi han gbogbo èèyàn."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Kò sírú òfin bẹ́ẹ̀. Tìrẹ ni páálí yẹn. Kí Mọ́mì tó pín ni wọ́n ti máa ń fi sáàárín tìrẹ. Ìwọ lo kéré jù, tí wọ́n bá ti fi 5 lù ẹ́, ẹkún ni. Gbogbo wa ń rí ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ, Mọ́mì ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo jókòó. Mo rántí bó ṣe máa ń yọrí láàárín àwọn yòókù lọ́wọ́ mi. Mo rò pé káàdì yẹn fẹ́ràn mi ni.

Mo pe màmá mi. "Mọ́mì, ṣé òótọ́ ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún ẹ?"

Àbúrò ọmọ mi, ọmọ ọdún márùn-ún, máa jókòó tì wọ́n ní Sátidé. Mo ti yọ 20 kan kúrò nínú káàdì wa, mo ti gé páálí dípò rẹ̀. N kò kọ ìyẹn mọ́ òfin.