Níbo Ni Èrè Ọ̀hún Ti Ń Wá?

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ owó la gbé wá lónìí, pàápàá ìmọ̀ràn àwọn tó ń kọ́ wa lórí fóònù bí a ṣe máa là kíákíá.

Ẹ̀yin náà ti rí wọn. Ọmọkùnrin kan dúró ti ọkọ̀ bọ̀gìnnì, ó na fóònù síwájú kí ẹ lè rí àlẹ́ẹ̀tì tó wọlé. Ó ní owó oṣù ò lè sọ èèyàn dolówó, ó ní ẹni tó ń tọ́jú owó sí báńkì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa òṣì. Lẹ́yìn náà, ó ní kí ẹ san ₦15,000 kí òun là yín lóye. Bí èèyàn 200 bá san án, ₦3,000,000 ti wọ àpò rẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe òwò tó ń fi yangàn ló pa owó yẹn fún un, owó tí ẹ san ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Ní 2016, nígbà tí MMM, ètò ìsọwó-dọ̀pọ̀ kan, gbòde ní Nàìjíríà, èlé ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù ni wọ́n ṣèlérí. Fi ₦100,000 síbẹ̀, má fọwọ́ kàn án, kí èlé máa gorí èlé. Tọ́dún bá yípo, ó ti di nǹkan bíi ₦2,330,000. Tó bá di ọdún kejì, ó ti lé ní mílíọ̀nù 54. Lọ́dún kẹta, ó ti kọjá bílíọ̀nù kan náírà! Èwo nínú ọjà tí wọ́n ń tà ní Àtakúmọ̀sà, níbí ní Iléṣà, ló lè mú irú èrè bẹ́ẹ̀ wá?

Kò sí. Owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni wọ́n fi ń san ti ẹni tó wà ńlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rí àwọn tó kọ́kọ́ wọlé fi máa ń dà bí òótọ́. Òótọ́ ni, wọ́n gba owó, àmọ́ owó aládùúgbò wọn ni wọ́n gbà. Lóṣù Kejìlá 2016, MMM ti ilẹ̀kùn mọ́ owó àwọn èèyàn. Irú rẹ̀ ti wó ní Rọ́ṣíà ní 1994. Nígbà tó di oṣù Kẹrin 2025, CBEX, áàpù ìdókòwò kan, náà tún kó owó àwọn èèyàn há.

Ẹ wá wo alájọ tó ń kiri ojúlé. Tí ẹ bá ń dá ₦1,000 lójúmọ́, á fàlà sínú àpótí kékeré kan lórí káàdì yín. Tóṣù bá pé, á yọ owó ọjọ́ kan, á kó ìyókù fún yín. Ọmọdé lè tọ́ka sí ibi tí owó iṣẹ́ rẹ̀ ti wá. Àwọn òṣómàáló ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà náà, aṣọ ni wọ́n ń rù lọ tà láwìn, orí aṣọ náà sì ni èrè wọn wà. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni pe ọmọ irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ní òpè tó bá béèrè orísun èrè.

Àwọn tó ń polówó irú èrè yìí lè fi ìwé CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, hàn yín. Ìwé yẹn kàn fi hàn pé wọ́n forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ni. Ọwọ́ SEC, àjọ tó ń bójú tó ọjà ìdókòwò, ni àṣẹ gbígba owó ìdókòwò lọ́wọ́ ará ìlú wà. Ní ti owó báńkì, òótọ́ ni pé ọ̀wọ́ngógó ń jẹ ẹ́. Síbẹ̀, tí báńkì ìṣòwò bá kógbá sílé, NDIC, àjọ tó ń dáàbò bo owó tí èèyàn fi sí báńkì, máa dúró fún owó yín dé ₦5,000,000. Ta ló dúró fún ti áàpù ìdókòwò?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kówó sí irú áàpù bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fa ẹlòmíì wọlé torí pé ẹ fẹ́ gba tiyín padà. Ẹ tẹ ẹ̀rí gbogbo owó tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ jáde, ẹ tọ́jú ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí yín, kẹ́ ẹ sì kó wọn lọ fún EFCC tàbí SEC kí wọ́n tó pa áàpù náà rẹ́.