Àfẹ́sọ́nà Tí Kò Mọ Ọkọ̀ Wà

Ẹ kú ìjókòó o. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ ni mo gbọ́ tí ọ̀dọ́kùnrin kan ń sọ lẹ́yìn gbọ̀ngàn pé ọ̀rọ̀ òní kò gùn: ẹni tí kò bá mọ ọkọ̀ wà, kó lọ kọ́ ọ, tàbí kó má wá ẹni tí yóò fẹ́. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò.

Èkó la wà yìí. Dánfó, kèkè Márúwá àti bọ́ọ̀sì BRT tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008 ló ń gbé ọ̀pọ̀ wa. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń kó èrò láti Mile 2 lọ sí Marina. Ti Agbado sí Oyingbo tẹ̀ lé e ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Ẹni tó wọ reluwe lè ti jókòó sídìí iṣẹ́ kí ẹni tó di sítíárìn mú tó bọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹ wá fẹ́ sọ fún mi pé kò yẹ lẹ́ni à ń fẹ́? Mi ò gbà.

Ibi tí mo ń lọ gan-an rèé. Kì í ṣe ìgbà ìfẹ́sọ́nà lọ̀rọ̀ yìí máa ń dunni. Ó di inú ilé. Ẹ wo tọkọtaya tó ní ọkọ̀ kan, tó jẹ́ ìyàwó nìkan ló mọ̀ ọ́n wà. Ìdájí ló ti ń gbé ọmọ tó ṣì ń tòògbé sọ́kọ̀. Ó já ọmọ sílé ẹ̀kọ́, ó já ọkọ sí ibùdókọ̀, kó tó kọrí síbi iṣẹ́ tirẹ̀. Ní Sátidé, tí wọ́n bá ń jó lóde àríyá, òun ń wo aago, torí òun ni yóò wà wá sílé. Ọkọ á ti sùn kí wọ́n tó gun afárá Third Mainland, yóò sun kìlómítà 11.8 náà tán, á sì jí lẹ́nu géètì. Ara ọmọ gbóná lóru, ìyàwó náà ni. Oorun yẹn ló ń dá ìjà sílẹ̀, kì í ṣe sítíárìn!

Àwọn kan á ní ọkùnrin tí ìyàwó ń gbé kiri ti sọ ara rẹ̀ nù. Àwọn yìí kan náà ni kì í jẹ́ kí ìyàwó wọn fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Ọjọ́ tí àìsàn bá gbé wọn dè, ọkọ̀ á wà nílẹ̀, wọ́n á máa wá dírẹ́bà káàkiri àdúgbò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ìlú yàtọ̀ sí ìlú. Láti 1863 ni London ti ní reluwe abẹ́ ilẹ̀. Ọmọ Yorùbá lè bímọ kó sì tọ́ ọ dàgbà ní Peckham láìdi sítíárìn mú rí. Gbé e lọ sí ọ̀pọ̀ àdúgbò Houston ní Amẹ́ríkà, kó tó ra búrẹ́dì, á bẹ èèyàn kó fi ọkọ̀ gbé e.

Wọ́n ní àkókò ti ń lọ.

Arábìnrin kan wá dìde níwájú: “Mà, ẹ ń sọ̀rọ̀ bíi pé ọ̀lẹ ni gbogbo ẹni tí kò wakọ̀. Wárápá ń ṣe àfẹ́sọ́nà mi. Dókítà ló ní kò gbọdọ̀ wakọ̀. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ ni?”

Rárá o, ọmọ mi. Ẹni tó gbọ́ ti dókítà, tí kò fi ẹ̀mí ẹlòmíì wewu, ẹni à ń fẹ́ ni. Mo bi í pé kí ni ọ̀gbẹ́ni ń ṣe tí ìwọ bá ń wakọ̀. Ó ní kì í sùn. Òun ló ń wo ọ̀nà tó dí, òun ló ń ra epo, tí wọ́n bá sì délé, òun ló ń wọ ilé ìdáná. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ kèrègbè. Gbogbo ohun tí mo ń sọ láti àárọ̀ nìyẹn, arábìnrin yìí ló bá mi sọ ọ́ tán.

Ó ní òun mọ̀, màmá òun ni kò gbà. Mo ní kó fún mi ní nọ́ńbà màmá náà.