Bí mo ṣe ń yan sípíríǹgì tuntun fún Hilux tó fẹ́ ga: ẹ wọn ẹrù kí ẹ tó ra irin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin awakọ̀ àti ẹ̀yin mẹkáníìkì ẹlẹgbẹ́ mi. Ṣọ́ọ̀bù wa nílùú Ìbàdàn nìyí. Hilux tó wà lẹ́yìn mi yìí ni a ó fi ṣe iṣẹ́ nínú fídíò yìí. Ọkọ̀ ọdún 2008 ni, dísù ló ń mu, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ń fà. Bàbá tó ni ín ń gbẹ́ bóhóòlù káàkiri Òkè-Ògùn, láti Ṣakí dé Ìgbòho dé Kíṣí. Òkúta ojú ọ̀nà oko ti ń lu ọkọ̀ náà lábẹ́, wọ́n wá ní kí n bá àwọn gbé e sókè. Àmọ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n ti ra sípíríǹgì wá. Òun ló wà nílẹ̀ yẹn, ó ń dán nínú ọ̀dà pupa. Mo ní kí wọ́n dá a padà.

Ẹni tó ta irin yẹn fún wọn, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi wọ́n: "Ínṣì mélòó lẹ fẹ́, Bàbá?" Kò béèrè ohun tí ọkọ̀ ń gbé. Bẹ́ẹ̀ sípíríǹgì kò mọ ínṣì, ìwọ̀n ló mọ̀. Èyí tó gbé ọkọ̀ òfìfo sókè ní ínṣì méjì lè má gbé ọkọ̀ kan náà sókè ju ìdajì ínṣì lọ tí ẹ bá ti di irin iṣẹ́ sẹ́yìn rẹ̀. Tí ẹ bá sì ra èyí tó le jù, ọkọ̀ á ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá fi òfìfo gba ọ̀nà tó ní gálọ́ọ̀pù, eyín yín á máa lu ara wọn.

Nítorí náà, ká tó tú nọ́ọ̀tì kankan, ìwọ̀n lẹ ó kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ lọ. Àwọn kúárì tí wọ́n ń fọ́ òkúta ní ìwọ̀n ńlá tí tírélà ń gùn. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ dáadáa, wọ́n á jẹ́ kí ẹ gùn ún. Ẹ má gbé ọkọ̀ lọ lófìfo o. Ẹ kó gbogbo ohun tó ń gbé lójoojúmọ́ sínú rẹ̀, ẹ rọ epo kún táǹkì, kí awakọ̀ náà sì jókòó sídìí sítíárí. Ẹ fi táyà iwájú nìkan gun ìwọ̀n, ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà kí gbogbo ọkọ̀ gùn ún. Ẹ yọ ti iwájú kúrò nínú àpapọ̀, èyí tó ṣẹ́kù ni ti ẹ̀yìn.

Ti ọkọ̀ yìí rèé, mo kọ ọ́ sára páálí: àpapọ̀ kílò 2,410. Iwájú 1,180, ẹ̀yìn 1,230. Nígbà tí a kó irin iṣẹ́ kúrò lẹ́yìn, ẹ̀yìn bọ́ sí 780. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kílò 450 ni Bàbá ń gbé kiri láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Sátidé. Ẹrù tí kì í sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn. Ó yàtọ̀ pátápátá sí ẹni tó ń gbé àpò sìmẹ́ǹtì lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹni tó ń gbé e lẹ́ẹ̀kan lóṣù kò gbọ́dọ̀ ra sípíríǹgì ẹni tó ń gbé e lójoojúmọ́.

Kí n má gbàgbé, ẹ wo àkọlé tí ilé iṣẹ́ lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀, níbi tí wọ́n kọ ìwọ̀n tí gbogbo rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá sí. Sípíríǹgì líle kò sọ nọ́ńbà yẹn di ńlá. Bíréèkì kò pààrọ̀, ṣásíì kò pààrọ̀.

Ó yá, téèpù. Ìwọ tó mú fóònù, sún mọ́ ibí. Ẹ rí i, n kì í wọn láti ilẹ̀. Tí ẹ bá wọn láti ilẹ̀, táyà tó ti jẹ tàbí tí kò ní afẹ́fẹ́ tó á pa irọ́ fún yín. Àárín wíìlì gan-an ni mo fi orí téèpù sí, mo sì fà á lọ sókè tààrà dé etí fẹ́ńdà. Iwájú lápá awakọ̀: sẹ̀ńtímítà 49. Iwájú lápá kejì: 50 àti ààbọ̀. Ẹ rí ìyàtọ̀ yẹn? Awakọ̀ nìkan ló ń jókòó sínú ọkọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, apá rẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn: 51 àti 51 àti ààbọ̀, pẹ̀lú ẹrù.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ìṣirò. Sípíríǹgì tó wà lábẹ́ ọkọ̀ yìí ti rẹ̀. Tí mo bá fi tuntun gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é síbẹ̀, ọkọ̀ á ti ga díẹ̀ ju báyìí lọ, láìsí pé a gbé nǹkan kan sókè. Gíga tí ẹ fẹ́ fi kún un, orí gíga tuntun lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ẹ má kà á láti orí irin tó ti rẹ̀. Fún ọkọ̀ yìí, 54 ni mo ń wá níwájú. N kò ní kọjá ibẹ̀ púpọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Iwájú Hilux irú èyí, sípíríǹgì kíká ni, ṣọ́ọ̀kì, èyí tí kì í jẹ́ kí sípíríǹgì máa jó, wà láàárín rẹ̀, àwọn méjèèjì sì dúró lórí lower arm, apá irin ìsàlẹ̀ tó so táyà mọ́ ara ọkọ̀. Ẹsẹ̀ wọn kò sí níbi tí táyà wà, ó sún wọnú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ọ̀nà láti táyà sí ibi tí lower arm ti so mọ́ ara ọkọ̀, nítorí náà bí ẹsẹ̀ wọn bá sún díẹ̀, táyà á sún ní ìlọ́po méjì rẹ̀. Ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, mi ò ro èyí. Oníbàárà kan fẹ́ sẹ̀ńtímítà mẹ́ta, mo wá gé irin tó nípọn ní sẹ̀ńtímítà mẹ́ta, mo fi sórí ṣọ́ọ̀kì, mo dì í. Nígbà tí mo sọ jáàkì kalẹ̀, ọkọ̀ ga ní sẹ̀ńtímítà mẹ́fà! Inú oníbàárà dùn, inú tèmi náà dùn. Kò pé oṣù kan tí rọ́bà ṣáàfù, irin tó ń yí táyà iwájú, ya ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, gírísì dà nù, yanrìn wọlé. Owó ṣáàfù méjì, àpò ara mi ló ti jáde. Ṣáàfù kò fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Sẹ̀ńtímítà márùn-ún sí ti ilé iṣẹ́, ó tó níwájú. Ẹni tó bá fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, iṣẹ́ mìíràn nìyẹn, lower arm àti dífù, ilé jíà tó ń pín agbára fún àwọn ṣáàfù, náà á wọ ọ̀rọ̀ náà.

Ìdajì ọ̀nà yẹn kan náà ló ń jẹ́ kí bọ́ńpà irin jẹ gíga yín. Ẹ wo iwájú ọkọ̀ Bàbá: bọ́ńpà irin àti wíńṣì, ẹ̀rọ tó ń fi okùn fa ọkọ̀ tó bá rì, ó tó kílò 90. Ẹ pín in sí méjì, kílò 45 bọ́ sórí táyà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nítorí pé sípíríǹgì wà ní ìdajì ọ̀nà, bíi kílò 90 ló rí lára rẹ̀. Ká ní wọ́n kọ 600 sára sípíríǹgì yẹn, ìyẹn páun 600 kó tó lè fi ínṣì kan rọlẹ̀. Páun 600 jẹ́ kílò 272. Kílò 90 á wá tẹ̀ ẹ́ ní nǹkan bíi mìlímítà mẹ́jọ. Lójú táyà, ẹ sọ ọ́ di méjì: mìlímítà 16 tàbí 17. Bọ́ńpà sì tún yọ síwájú kọjá táyà, nítorí náà ó ń tẹ̀ ẹ́ ju bí mo ṣe ṣírò rẹ̀ yìí lọ. Sẹ̀ńtímítà méjì ti lọ báyẹn. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé iṣẹ́ Ọsirélíà tí wọ́n ń ṣe irú irin yìí, bíi Dobinsons àti Old Man Emu, fi ń to sípíríǹgì iwájú wọn gẹ́gẹ́ bí ohun tó wà níwájú ọkọ̀: èyí tó jẹ́ ti ọkọ̀ lásán, èyí tó jẹ́ ti ọkọ̀ oní bọ́ńpà irin, àti ti oní bọ́ńpà pẹ̀lú wíńṣì. Ibi tí ọkọ̀ yín bá bọ́ sí, ẹ mú un níbẹ̀.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká gbé irin méjì sórí tábìlì. Ọwọ́ òsì, ti Bàbá, onípupa. Ọwọ́ ọ̀tún, èyí tí mo rà. Ojú nìkan, èwo lẹ ó mú? Onípupa ga ju tèmi lọ ní sẹ̀ńtímítà kan àti ààbọ̀. Gbogbo ènìyàn ló ń mú èyí tó ga. Ẹ wá jẹ́ kí n fi vernier, irin ìwọ̀n tó ń ka mìlímítà, wọn bí irin náà ṣe nípọn. Onípupa: mìlímítà 14. Tèmi: 15. Mìlímítà kan péré! Ṣùgbọ́n tí fífẹ̀ àti iye ìká wọn bá dọ́gba, oní-15 fi nǹkan bí ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún le ju oní-14 lọ. Líle sípíríǹgì ń tẹ̀lé ìnípọn irin rẹ̀ lọ́nà tó ń ya èèyàn lẹ́nu. Iye ìká náà ń sọ̀rọ̀: bí ìká bá ṣe kéré tó ni irin ń le tó. Nítorí náà, gíga orí tábìlì kì í ṣe gíga lábẹ́ ọkọ̀. Èyí tó ga tó sì rọ̀ á wọlẹ̀ bí àkàrà nínú ẹ̀kọ. Èyí tó kúrú tó sì le á dúró.

Tí wọn kò bá kọ nọ́ńbà líle rẹ̀ sára irin tàbí sára páálí rẹ̀, ẹ má rà á. Ti tòkunbọ̀ náà ńkọ́? Mo máa ń ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀, mo máa ń ra jíà tòkunbọ̀. Mi ò kì í ra sípíríǹgì tòkunbọ̀. Kò sí bí mo ṣe lè mọ ibi tó ti rẹ̀ dé.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sẹ́yìn. Sípíríǹgì pẹlẹbẹ ló wà níbí, irin tó jókòó lé ara wọn. Ti ìsàlẹ̀ yìí nípọn, ó sì tọ́ gbọọrọ, kò fara kan ti òkè nígbà tí ọkọ̀ bá ṣófo. Ìgbà tí ẹrù bá wọ̀ ọ́ ló ń bá wọn rù ú. Fún Bàbá, èyí tí wọ́n ṣe fún kílò 400 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójoojúmọ́ ni mo mú. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ tó ń ṣófo lọ́pọ̀ ọjọ́ ni, èyí tó rọ̀ ni ǹ bá mú, kí n fi irin ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ ẹrù.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á sọ pé alágbẹ̀dẹ àdúgbò òun lè ká a padà fún òun ní owó táṣẹ́rẹ́. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ lọ jókòó ti alágbẹ̀dẹ, ẹ wo bó ṣe ń fi sípíríǹgì ọkọ̀ rọ àdá. Ohun àkọ́kọ́ tó ń ṣe ni kó fi iná pa líle rẹ̀, kó lè gbọ́ràn sí òòlù. Lẹ́yìn tó bá rọ ọ́ tán ló ń rì í sómi kó lè le padà. Ẹni tó fi iná tẹ sípíríǹgì yín tí kò sì mú un le padà bó ti yẹ, irin tó rọ̀ ló gbé fún yín. Á ga lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Lóṣù kejì ó ti tẹ́.

Ṣọ́ọ̀kì, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀: ẹ rà á pa pọ̀ mọ́ sípíríǹgì, kí gígùn rẹ̀ bá gíga tuntun mu. Sípíríǹgì líle pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tó ti kú, ọkọ̀ á máa jó.

Títo rẹ̀ ní fídíò tirẹ̀, ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta nìyí tí mi ò lè fi sílẹ̀. Ìkíní, nọ́ọ̀tì orí ṣọ́ọ̀kì iwájú: ẹ má tú u láé tí ẹ kò bá tíì fi ẹ̀rọ tí ń fún sípíríǹgì dì í mọ́lẹ̀. Agbára tó wà nínú irin yẹn lè ṣe èèyàn léṣe, ó lè pa èèyàn. Ìkejì, bọ́ọ̀tù tó gba inú rọ́bà sípíríǹgì ẹ̀yìn kọjá: ẹ fi ọwọ́ dì í nígbà tí ọkọ̀ wà lórí jáàkì, ó di ìgbà tí táyà bá ti tẹ ilẹ̀ kí ẹ tó fún un pátápátá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọ́bà á máa lọ́ ní gbogbo ìgbà, á sì ya. Ìkẹta, ẹ wo irin tín-ínrín yìí lẹ́yìn, tó so áksù, irin ńlá tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, mọ́ fáàfù bíréèkì. Ìwọ̀n ẹrù ló ń sọ fún bíréèkì. Tí ẹ bá gbé ọkọ̀ sókè tí ẹ kò sì tún un ṣe, á rò pé ọkọ̀ ṣófo, á sì dín agbára bíréèkì ẹ̀yìn kù nígbà tí ẹ̀yìn kún fún ẹrù. Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ ṣe aláìnmẹ́ǹtì, kí táyà lè kọjú síbi tó yẹ, kí ẹ sì rẹ iná iwájú sílẹ̀ kó má baà máa fọ́ àwọn tó ń bọ̀ lójú.

A ti tò ó tán. Mo sọ jáàkì kalẹ̀ lánàá, mo wa ọkọ̀ lọ síwájú, mo wà á padà sẹ́yìn, kí táyà lè jókòó, kí n tó wọ̀n ọ́n. Ẹrù wà lẹ́yìn, epo kún táǹkì, Bàbá jókòó sídìí sítíárí. Ọmọ iṣẹ́ mi ló kọ ọ́ sára téèpù bébà tó wà lára fẹ́ńdà yẹn: iwájú 54 àti 54 àti ààbọ̀, ẹ̀yìn 56 àti 56. Sípíríǹgì tuntun máa ń sọ̀ díẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Mo ti sọ fún Bàbá kí wọ́n má yọ téèpù yẹn. Tí wọ́n bá ti Kíṣí dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, a ó tún wọ̀n ọ́n, màá sì kọ nọ́ńbà tuntun sábẹ́ èyí.