Dínárì Méjì Lọ́wọ́ Onílé Èrò

Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú alẹ́ o, nítorí ẹni tó wà ní Houston ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí, ẹni tó wà ní Dublin ti jẹun ọ̀sán tán. Bí ẹ bá ń wakọ̀, ẹ máa wo iwájú. Bí ẹ bá ń já ẹ̀fọ́, ẹ máa já a lọ.

Gbogbo wa la mọ ìtàn aláàánú ará Samáríà nínú Lúùkù orí 10. Láti ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi la ti ń fi ṣeré. Àlùfáà kọjá, ọmọ Léfì kọjá, ará Samáríà dúró, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìwàásù máa ń parí sí. Ẹsẹ 35 la máa ń sáré kọjá. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ọkùnrin yìí sì bá tirẹ̀ lọ. Ó lọ ni o! Arìnrìn-àjò ni, kò jókòó ti aláìsàn náà títí ara fi yá a. Ó yọ dínárì méjì, ó kó o fún onílé èrò, ó ní kó máa tọ́jú ẹni yẹn, pé ohun tó bá ná lé e, òun á san án nígbà tí òun bá padà dé. Mátíù orí 20 jẹ́ ká mọ̀ pé dínárì kan ni owó iṣẹ́ òòjọ́ lébìrà. Owó iṣẹ́ ọjọ́ méjì nìyẹn, lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé ibẹ̀, pẹ̀lú ìlérí pé ìṣirò ń bọ̀. Àwa tá a wà lókè òkun, inú ẹsẹ 35 là ń gbé.

Mo fẹ́ gbé ẹsẹ yìí wọ Iléṣà lónìí, nítorí ọ̀pọ̀ yín ló ń fowó ránṣẹ́ síbẹ̀. Àjálù tí mo sì mú ni onígbáméjì, kọ́lẹ́rà tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè. Òjò ńlá á rọ̀, ẹ̀gbin ṣaláńgá á ṣàn wọ kànga, pàápàá kànga tí kò jìnnà tó 30 mítà sí ṣaláńgá. Láàárín wákàtí mélòó kan sí ọjọ́ 5 lẹ́yìn tí èèyàn bá mu omi náà, ìgbẹ́ á bẹ̀rẹ̀, á funfun bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì. Ẹni tó gúnyán fúnra rẹ̀ láàárọ̀ lè má lè dìde nírọ̀lẹ́. Omi àti iyọ̀ tó ń tán lára ló ń pa èèyàn. Bí wọ́n bá tètè dá a padà, nínú 100 aláìsàn, ẹni tó máa kú kì í tó ẹyọ kan. Ìyẹn ló jẹ́ kí ikú rẹ̀ máa bí èèyàn nínú.

Ní 1971, nígbà ogun Bangladesh, onígbáméjì wọ àgọ́ àwọn tó sá wọ Íńdíà. Omi tí wọ́n ń fà sí iṣan tán. Dókítà Dilip Mahalanabis ní kí wọ́n po omi, ṣúgà àti iyọ̀, kí àwọn ẹbí aláìsàn fúnra wọn máa bù ú fún èèyàn wọn mu. Ikú tó ti tó 30 nínú 100 já wálẹ̀, kò tó 4. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì ló rán an níṣẹ́. Ará Samáríà náà kò kúkú ti Tẹ́ńpìlì Jerúsálẹ́mù wá.

Ìyá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò tó jókòó ti aláìsàn, tó mú ife lọ́wọ́, iṣẹ́ wà nínú ọwọ́ yẹn. Ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò kan lè ṣe ibi tí wọ́n á ti máa po omi oníṣúgà àti iyọ̀ yìí fún aláìsàn sí gbọ̀ngàn ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Kò gba ẹ̀rọ, ó gba ìṣọ́ra. Bọ́kẹ́ẹ̀tì onítáàpù méjì: ọ̀kan fún omi mímu, ọ̀kan fún ọwọ́ fífọ̀, pẹ̀lú ọṣẹ tí wọ́n fi okùn so mọ́ ọn kó má baà rìn. Ife, ṣíbí, jọ́ọ̀gì tí wọ́n sàmì lítà 1 sí lára, tọ́ọ̀ṣì, ìwé ẹ̀kíṣásáìsì. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ fún ìgbẹ́ àti èébì, tí wọ́n á po kúlórínì sí kí wọ́n tó dà á sí ṣaláńgá, kì í ṣe sí gọ́tà. Èèyàn méjì ní ìṣọ́ kọ̀ọ̀kan, kó má baà jẹ́ pé ẹni tó ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì náà ló ń po omi.

Ibi pípo gan-an ni nǹkan ti ń bàjẹ́ jù, ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ díẹ̀. Sáṣẹ́ẹ̀tì ORS tó wọ́pọ̀, ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ti wọ̀n sínú ọ̀rá, omi lítà 1 ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ ka ara rẹ̀ kó dá yín lójú. Píọ̀wọ́tà kan, ìdajì lítà ni. Nítorí náà, píọ̀wọ́tà méjì ni ORS kan. Ẹ ò gbọdọ̀ yẹ̀ ẹ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ìyá ọmọ á já píọ̀wọ́tà kan, á da gbogbo ORS sí i, á máa rò pé bó bá ṣe le tó ló ṣe máa ṣiṣẹ́ tó. Omi náà á wá níyọ̀ jù, á máa fa omi láti ara wọ inú ìfun, ìgbẹ́ á pọ̀ sí i, òùngbẹ á gbẹ ọmọ, gìrì lè mú un. Ẹlòmíràn á da ìdajì sáṣẹ́ẹ̀tì sí píọ̀wọ́tà kan, á ní òun ń ṣọ́wó ná. Ìyẹ̀fun inú rẹ̀ kì í pín dọ́gba. Iyọ̀ lè wà ní apá kan, ṣúgà ní apá kejì. Kí wọ́n po gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì da èyí tó bá kù nù lẹ́yìn wákàtí 24. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ aago tí wọ́n pò ó sára jọ́ọ̀gì, torí ẹni tó wá gba ìṣọ́ lóru kò ní mọ̀.

Bí kò bá sí sáṣẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Omi mímọ́ lítà 1, ṣúgà ṣíbí tíì 6, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Ṣíbí tí wọ́n fi ọ̀bẹ rẹ́ orí rẹ̀ ni mò ń sọ, kì í ṣe èyí tó yọrí bí òkè. Ẹ tọ́ ọ wò: kò gbọ́dọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Àwọn ìyá wa àgbà kan ṣì rántí tàtijọ́, ìgò bíà kan, ṣúgà ṣíbí 10, iyọ̀ ṣíbí kan. Ẹ bá wa fi ọ̀wọ̀ bá wọn sọ ọ́: ṣíbí mílílítà 3 ni wọ́n fi ń wọn ìyẹn, ṣíbí mílílítà 5 ló kún ọjà báyìí. Bí a bá fi ṣíbí òní wọn ti àná, iyọ̀ náà á pọ̀ dé ibi ewu.

Mímu rẹ̀ náà ní ètò. Ẹ jẹ́ ká fi ife mílílítà 200 ṣe òdiwọ̀n. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2, ìdá kan nínú mẹ́rin ife sí ìdajì ife, lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ṣíbí kan lẹ́yìn ṣíbí kan. Ọmọ ọdún 2 sí 10, ìdajì ife sí ife kan. Àgbà, bó bá ṣe fẹ́. Bí ọmọ bá bì, kí wọ́n dúró ìṣẹ́jú 10, kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọmú ò gbọdọ̀ dúró, oúnjẹ náà kò gbọdọ̀ dúró. Ẹni tí omi ara rẹ̀ ti ń tán, àmọ́ tó ṣì lè mu, mílílítà 75 fún kílò kọ̀ọ̀kan láàárín wákàtí 4 ni. Ọmọ kílò 10, píọ̀wọ́tà kan àbọ̀. Àgbàlagbà kílò 60, píọ̀wọ́tà 9! Ìṣirò yẹn ló yẹ kó wà lọ́kàn yín nígbà tí ẹ bá ń ra páálí ORS kan ránṣẹ́ sílé tí ẹ sì rò pé ẹ ti ra ilé ayé.

Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, oògùn zinc wà, mílígíráàmù 20 lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14. Mílígíráàmù 10 fún èyí tí kò tíì pé oṣù 6. Wọ́n lè yọ́ ọ nínú omi ọmú lórí ṣíbí. Ìgbẹ́ á ti dá ní ọjọ́ kẹta, ìyá á sì jù ú sílẹ̀. Ẹni tó máa ránni létí ni wọ́n nílò níbẹ̀. Flagyl tí gbogbo èèyàn ń gbé mì kì í pa onígbáméjì, oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró kò sì dára fún ọmọdé rárá.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè mu mọ́, tí ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, tí ó ń tòògbé ṣáá, tí ẹ fọwọ́ fa awọ ikùn rẹ̀ tí kò tètè padà, kò sí ohun tí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì lè ṣe fún un. Ọsibítù ló kù, ibi tí wọ́n á ti fa omi sí i. Wésílì ni ọmọ Iléṣà máa sọ, Wesley Guild tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀, tó ti di ara ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ OAU báyìí. Bí ojú rẹ̀ bá ṣì là tó sì lè gbé e mì, kí wọ́n máa fún un mu lọ́nà. Owó kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ ní kaṣi, nínú àpò kan tí gbogbo ẹni tó wà ní ìṣọ́ mọ̀, nítorí aago 2 òru kì í ṣe ìgbà tí èèyàn ń wá POS. Awakọ̀ méjì ni kí wọ́n bá sọ̀rọ̀ sílẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan. Aláìsàn àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fura sí, kí wọ́n ránṣẹ́ sí ẹ̀ka ìlera ìjọba ìbílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Pásítọ̀ míì á ní kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni, kí orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì má baà bàjẹ́. Lójú tèmi, ìyẹn ni àlùfáà tó gba òdì kejì kọjá.

Ọ̀rọ̀ omi àdúrà ńkọ́? Mi ò ní fo ó, nítorí Iléṣà la wà. Òkè-Òòyè ni ìsọjí 1930 ti bẹ́ sílẹ̀, nígbà tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń gbàdúrà sí omi tí ogunlọ́gọ̀ èèyàn ń gbé ìkòkò àti agbè wá. Ọmọ ìjọ tó ti ibẹ̀ wá kì í fojú kékeré wo omi. Ẹ má bá wọn jà. Kí wọ́n se omi náà kó hó yaya fún ìṣẹ́jú kan, kó tutù, kí wọ́n gbé e sínú kẹ́ẹ̀gì ẹlẹ́nu tóóró tí ọwọ́ kò lè wọ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n gbàdúrà sí i. Ẹni tó fẹ́ gbé ọwọ́ lé aláìsàn, kó fọ ọwọ́ náà pẹ̀lú ọṣẹ kó tó gbé e àti lẹ́yìn tó bá gbé e. Kí ẹnikẹ́ni má sì pe ààwẹ̀ fún ẹni tó ń ṣu omi.

Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6 ni ìjọ kọ́kọ́ jà lórí pípín nǹkan: wọ́n ń fo àwọn opó kan. Àwọn àpọ́sítélì kò pe ìsọjí. Èèyàn 7 ni wọ́n yàn. Ní Iléṣà òní, ta ni wọ́n máa fò? Ìyá arúgbó tí ọmọ rẹ̀ wà ní Kánádà wà nínú wọn. Gbogbo àdúgbò ló gbà pé owó ń wọlé fún màmá, ilé náà tóbi, géètì wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó kan géètì náà láti ọjọ́ mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń wa wúrà lápá Ìtagunmodi, tí omi odò ni wọ́n ń mu, tí wọn kì í ṣe ọmọ ìjọ kankan, tí èdè wọn kì í ṣe tiwa nígbà míì. Kí ẹni tó ń lọ káàkiri mú ìwé ojúlé lọ́wọ́, kó má ṣe mú ìwé orúkọ ọmọ ìjọ.

Dókítà David Morley wà ní Wésílì láàárín ọdún 1956 sí 1961, ó sì ṣe kíníkì àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ibẹ̀ ni káàdì ìwọ̀n ọmọ, èyí tí ayé wá mọ̀ sí Road to Health, ti gbilẹ̀. Ọwọ́ ìyá ọmọ ni wọ́n kó káàdì náà sí, nínú ọ̀rá, kì í ṣe inú kọ́bọ́ọ̀dù ọsibítù. Èèyàn gbà pé àwọn ìyá á sọ ọ́ nù. Wọ́n tọ́jú rẹ̀. Mo ń sọ èyí nítorí fọ́tò. Ẹ̀yin tó ń fowó ránṣẹ́, ẹ̀ ń béèrè fọ́tò. Ọmọ tó dùbúlẹ̀ nínú ìgbẹ́ ara rẹ̀, ẹnì kan á dá ṣíbí dúró láti ya fọ́tò tí ẹ fẹ́ gbé sórí WhatsApp. Ẹ béèrè ìwé. Ojú ewé kan lọ́sẹ̀ ti tó: èèyàn mélòó, ọmọdé mélòó, ORS mélòó ló jáde, mélòó ló kù, mélòó ni wọ́n gbé lọ sí ọsibítù, kí wọ́n má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀dà ti aláìsàn fúnra rẹ̀, bó ṣe mu, bó ṣe tọ̀, ọwọ́ ẹbí rẹ̀ ni kó wà.

Owó náà, ẹ pín in. Apá kan fún nǹkan rírà ní ọjà Àtàkúnmọ̀sà, torí ẹrù tí ẹ kó sínú kọ̀ntánà á dé lẹ́yìn tí òjò ti dá. Apá kan fún kẹ̀kẹ́. Apá kan fún oúnjẹ àwọn tó ń ṣọ́ òru, èyí tí gbogbo èèyàn máa ń gbàgbé títí wọ́n fi sá lọ. Ẹni tí ẹ máa kó o fún, kó jẹ́ ẹni tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà kí owó tó dé. Onílé èrò ti ní ibùsùn nílẹ̀ kí ará Samáríà tó kanlẹ̀kùn.

Tí ẹ bá wá délé lóṣù Kejìlá, ẹ má jẹ́ kí àsè gba gbogbo ọjọ́ yín. Bàbá ńlá wa ni Òṣómàáló, oníṣòwò tó máa ń lóṣòó síwájú ilé oníbàárà títí á fi gba owó rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà kì í tijú ìṣirò. Ẹ jókòó ti ẹni tó kọ ìwé náà. Ẹ bi í léèrè èyí tó ná láti àpò ara rẹ̀ tí kò kọ sílẹ̀, torí ó máa wà, ẹ san án. Lẹ́yìn náà ẹ jọ ṣí páálí ORS tó kù, ẹ kà á, kí ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́ lára sáṣẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan kí òjò tó ń bọ̀ tó dé.